Ọkọ̀ Kan Tí Wọ́n Sọ Ní Òmìnira

Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1888, ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Èkíní, ní ìlú Rio de Janeiro, Ọmọọba Isabel fi ọwọ́ sí òfin tí ó fi òpin sí oko ẹrú ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Èkejì, ní etí omi kan nítòsí Paranaguá, ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè kan náà, ọkùnrin kan, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì ti ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kàn sínú omi. Gbogbo ayé ló gbọ́ nípa ti àkọ́kọ́. Èkejì kò jọ ohun tí ìtàn yóò rántí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ náà fẹ́ gba orúkọ, ohun tí àwọn ẹrú gbà lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n pè é ní Liberdade, èyí tí ó túmọ̀ sí òmìnira ní èdè Potogí.

Àròkọ yìí dá lórí tọkọtaya tí wọ́n wà nínú ọkọ̀ náà, Joshua Slocum àti Henrietta aya rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Hettie, àti bí wọ́n ṣe tọ etí òkun láti Bùràsíìlì títí dé Amẹ́ríkà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn ni èyí: òmìnira ta ni orúkọ ọkọ̀ náà ń sọ? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tó bá wà lójú òkun pẹ̀lú ìgbòkun rẹ̀ ti gba òmìnira pátápátá, nítorí pé kò sí ọ̀gá lórí rẹ̀, kò sì sí ọ̀nà tí wọ́n là fún un. Èrò tèmi yàtọ̀. Èmi gbà pé òmìnira ni kí ènìyàn ní ẹnu ọ̀rọ̀ nínú bóyá òun yóò lọ tàbí òun kò ní lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí Joshua Slocum jẹ́. Wọ́n bí i ní ọdún 1844 ní Nova Scotia, ní ilẹ̀ Kánádà. Bàbá rẹ̀ a máa ṣe bàtà, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun jókòó ti iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n òkun ni ọkàn ọmọ náà wà. Ó sá kúrò nílé nígbà tí ó ṣì kéré, ó di atukọ̀, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ọ̀gá ọkọ̀. Ní ọdún 1871, ó gbé Virginia Walker níyàwó ní ìlú Sydney, ní Ọsirélíà. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti di ilé wọn. Nínú ọkọ̀ ni Virginia ti ń tọ́ àwọn ọmọ, ibẹ̀ náà ló ti ń kọ́ wọn ní ìwé, bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń kó ẹrù láti èbúté kan sí èkejì. Ní ọdún 1884, Virginia kú nínú ọkọ̀ wọn tí ó ń jẹ́ Aquidneck, nítòsí Buenos Aires ní ilẹ̀ Ajẹntínà.

Ní ọdún 1886, Slocum gbé ìyàwó mìíràn. Hettie Elliott ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 24 ni, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ ẹni ọdún 42. Ìbátan Slocum ni Hettie. Ní ilẹ̀ wa, èèwọ̀ ni irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó tí Aquidneck fi gbéra ní New York, tí ó kọrí sí ìhà gúúsù Amẹ́ríkà. Ìyàwó tuntun wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú Victor, àkọ́bí Virginia, àti Garfield, àbúrò rẹ̀ tó kéré jù. Àwọn ọmọ méjì yòókù dúró lọ́dọ̀ àwọn ẹbí. Nílẹ̀ wa, wọ́n máa ń sin ìyàwó lọ sí ilé ọkọ. Ilé ọkọ ti Hettie, orí omi ló wà.

Àlejò òkun kò rí ìkíni káàbọ̀ rere. Ìjì líle bá wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò náà gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1887, àrùn onígbáméjì ń jà ní Ajẹntínà, nítorí náà nígbà tí Aquidneck gbé koríko ẹran dé Bùràsíìlì láti ibẹ̀, àwọn aláṣẹ lé e padà pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, ní èbúté Antonina, àwọn kan nínú àwọn atukọ̀ dìtẹ̀ sí ọ̀gá wọn lóru. Hettie ló gbọ́ ìró wọn, òun ló sì jí ọkọ rẹ̀. Slocum yìnbọn, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà kú, ilé ẹjọ́ sì dá a láre pé ẹ̀mí ara rẹ̀ ló gbà là. Kò pẹ́ sí i ni ilé gbígbóná wọ inú ọkọ̀, ó sì pa nínú àwọn atukọ̀. Nígbà tí ọdún 1887 fi ń parí lọ, Aquidneck gun orí iyanrìn ní ọ̀sà Paranaguá pẹ̀lú ẹrù igi nínú rẹ̀. Ìgbì ń gbé e, ó ń sọ ọ́ mọ́lẹ̀, títí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà fi dá.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ikú tí ìbá pani, bí ó bá ṣí ni ní fìlà, ká dúpẹ́. Kò sí ẹni tó kú nínú wọn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bàjẹ́ yìí ni ilé wọn, òun ni ṣọ́ọ̀bù wọn, òun náà sì ni gbogbo ohun ìní wọn. Slocum kò ní ìwé ìdáàbòbò kankan tí ì bá fi gba owó padà lórí rẹ̀. Ó ta àfọ́kù ọkọ̀ náà, ó fi owó rẹ̀ san owó oṣù àwọn atukọ̀, ohun tó kù lọ́wọ́ wọn kò tó nǹkan. Ilé wọn jìnnà ju máìlì 5,000 lọ. Ẹlòmíràn ì bá bẹ ìjọba Amẹ́ríkà pé kí wọ́n bá òun wọ ọkọ̀ padà sílé. Slocum kò fẹ́ padà bí ẹni tí òkun ti lé wálé. Ó ní àwọn yóò kan ọkọ̀ mìíràn, àwọn yóò sì fi ọwọ́ ara àwọn wà á lọ sílé.

Mo fẹ́ kí ẹ wo irinṣẹ́ tí wọ́n ní: àáké kan, àáké kékeré tí wọ́n fi ń gbẹ́ igi, ayùn méjì, irin ìdáhò bí mélòó kan, àti abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń rán ìgbòkun, tí wọ́n sọ di irin tí wọ́n ń fi lu ihò ìṣó. Kò tó irinṣẹ́ ilé ìtajà káfíńtà kan ṣoṣo ní ìgboro wa. Wọ́n gé igi nínú igbó ìtòsí, wọ́n lo èyí tó le bí irin fún ìsàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n lo igi kédárì fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n gé ẹ̀ka gúáfà tó wọ́ láti fi di pákó mú lójú kan. Wọ́n yọ irin àti bàbà lára àfọ́kù Aquidneck, wọ́n rọ ọ́ di ìṣó. Wọ́n tilẹ̀ gé owó ẹyọ tí wọ́n fi bàbà ṣe sí wẹ́wẹ́, wọ́n lu ihò sí i láàrin, wọ́n sì fi há ìdí ìṣó kí ó má baà yọ. Ìgbà tí owó kò tó wọn ná mọ́ ni wọ́n sọ owó di ara ọkọ̀.

Nígbà tí ó parí, ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 35, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ààbọ̀, jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìlú kan ló ni àwòrán rẹ̀. Ara rẹ̀ jọ ọkọ̀ àwọn apẹja Amẹ́ríkà, ó sì tún jọ ọkọ̀ kékeré àwọn ará Jàpáánù. Wọ́n di ọparun mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, tí ó jẹ́ pé bí omi bá tilẹ̀ kún inú rẹ̀, kò ní rì. Ìgbòkun rẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ ti àwọn ará Ṣáínà. Irú ìgbòkun bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò la inú aṣọ rẹ̀ kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá le jù, ẹnìkan ṣoṣo lè tú okùn, ìgbòkun náà yóò sì ká lé ara rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n pa dé. Fún ìdílé tí kò ní atukọ̀ kankan, ohun tó yẹ wọ́n gan-an nìyẹn.

Ta ló wá rán ìgbòkun náà? Hettie ni. Kò sí ẹ̀rọ nínú ọkọ̀ yìí, kò sì sí àjẹ̀ tó lè gbé ọkọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rìn ní máìlì 5,000. Afẹ́fẹ́ nìkan ni agbára wọn, aṣọ tí obìnrin yìí rán ló sì ń mú afẹ́fẹ́ náà. Bí okùn rírán kan bá já lóru nínú ìjì, ẹ̀mí ènìyàn mẹ́rin ló wà nínú ewu. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn Liberdade, wọ́n a ní Slocum kan ọkọ̀, ó sì wà á lọ sílé. Òótọ́ ni pé òun ló ya àwòrán rẹ̀, òun ló sì ń darí iṣẹ́. Síbẹ̀, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọkọ̀ tí kò ní ìgbòkun, pákó tó léfòó lásán ni.

Victor náà kò gbẹ́yìn. Òun ni káfíńtà, òun ló ń lọ́ okùn, òun ló ń sáré gbogbo iṣẹ́ tí kò ní orúkọ. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà náà, ọjọ́ orí tí èmi náà wà bí mo ṣe ń kọ àròkọ yìí. Garfield jẹ́ ọmọ ọdún 7.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọjọ́ tí wọ́n ti ọkọ̀ náà sínú omi. Bùràsíìlì ni orílẹ̀-èdè tó gbẹ́yìn ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti fòpin sí oko ẹrú. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, kò sì sí ilẹ̀ mìíràn lókè òkun tó gbà tó bẹ́ẹ̀. Òfin tí Ọmọọba Isabel fi ọwọ́ sí ní ipò bàbá rẹ̀ tó wà ní Yúróòpù kò gùn rárá. Wọ́n ń pè é ní Òfin Wúrà. Ó ní oko ẹrú ti dópin, ó sì fagi lé gbogbo òfin tó bá ta ko èyí. Ó parí síbẹ̀. Kò fún àwọn tó gba òmìnira ní ilẹ̀, kò fún wọn ní owó, kò sì kọ́ ilé ìwé kankan fún àwọn ọmọ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jí ní ọjọ́ kejì láìní ohunkóhun ju ẹsẹ̀ tí wọn yóò fi rìn kúrò.

Slocum fi ọjọ́ yìí sọ ọkọ̀ rẹ̀ lórúkọ. Kò jà fún òmìnira àwọn ẹrú náà. Ọjọ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ parí ló bọ́ sí ọjọ́ ayọ̀ wọn. Síbẹ̀ mi ò ka orúkọ náà sí àwàdà. Ẹni tí ó pàdánù gbogbo nǹkan, tó wá rí i pé òun tún lè gbéra, mọ díẹ̀ nínú adùn tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Díẹ̀ ni mo sọ. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ àti ẹni tí wọ́n dè mọ́ inú ọkọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1888, Liberdade gbéra. Àwọn aláṣẹ èbúté kò ní fún irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ní ìwé ìrìn àjò sí ilẹ̀ òkèèrè, nítorí náà Slocum gba ìwé ẹja pípa, ó sì fi í jáde sójú òkun. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń tọ etí òkun lọ sí ìhà àríwá.

Ẹni tí kò mọ òkun lè rò pé ẹni tó ń rìn ní etí òkun wà ní ìrọ̀rùn ju ẹni tó wà láàrin agbami. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàrin agbami, kò sí àpáta, kò sí iyanrìn tó fara pamọ́ sábẹ́ omi. Ilẹ̀ ló ń fọ́ ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí Aquidneck ti fi hàn. Atukọ̀ etí òkun gbọ́dọ̀ mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe. Ní ọ̀sán, oòrùn a máa mú ilẹ̀ gbóná ju omi lọ, afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ a gòkè, ti òkun a sì fẹ́ wá gba ipò rẹ̀. Lóru, ilẹ̀ a tètè tutù, afẹ́fẹ́ a sì yí padà láti ilẹ̀ sí òkun. Yàtọ̀ sí èyí, ìṣàn omi òkun ní gúúsù Bùràsíìlì ń lọ sí ìsàlẹ̀, ó ń ta ko ẹni tó ń lọ sí àríwá. Ìgbà tí ọkọ̀ bá kọjá èjìká ilẹ̀ náà, níbi tí Bùràsíìlì ti yọrí jù sínú òkun, ni omi àti afẹ́fẹ́ yóò jọ máa tì í lọ sílé.

Ní Santos, ọkọ̀ elẹ́rọ ńlá kan tí ó ń jẹ́ Finance gbà láti fà wọ́n dé Rio. Hettie àti Garfield wọ inú ọkọ̀ ńlá náà. Slocum dúró nídìí ìtọ́kọ̀ Liberdade, Victor sì wà níwájú pẹ̀lú àáké, kí ó lè gé okùn bí ọkọ̀ wọn bá fẹ́ dojú dé. Ẹ wo bí ó ti rí: ọ̀gá ọkọ̀ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ sí ọwọ́ ọmọ ọdún 16. Ní Rio ni wọ́n ti gba ìwé àṣẹ gidi. Lẹ́yìn Cape Frio, ẹja àbùùbùtán kan yọ lóru láti ìsàlẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn gbá ìdí ọkọ̀ wọn. Ọkọ̀ tí wọ́n fi owó bàbà kàn kò tú.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dé Bahia, ibi tí ìtàn wọn ti kan ìtàn tiwa. Ní Salvador, olú ìlú Bahia, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú jẹ́ ọmọ Yorùbá. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ogun tó tú Ọ̀yọ́ Ilé ká àti àwọn ogun tó tẹ̀ lé e ló tì wọ́n dé etí òkun, tí àwọn oníṣòwò ẹrú fi rà wọ́n. Àwọn náà wọ ọkọ̀ onígbòkun. Afẹ́fẹ́ ló gbé tiwọn náà. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n wà nínú ìdè, wọn kò rí ìgbòkun náà, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Nagô, dìde ogun ní Salvador láti gba ara wọn. Wọ́n borí wọn, wọ́n pa nínú wọn, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ padà sí Áfíríkà.

Àwọn mìíràn wá tí ẹnikẹ́ni kò lé. Wọ́n ṣiṣẹ́ àṣekára títí wọ́n fi ra ara wọn padà, wọ́n tún wá owó ọkọ̀, wọ́n sì sọdá òkun kan náà wá sí Èkó, Porto-Novo àti Ouidah. Àwọn ni à ń pè ní Àgùdà. Ẹni tó bá dé Erékùṣù Èkó lónìí lè rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni João Esan da Rocha, tí wọ́n kó lọ nígbà tí ó wà lọ́mọdé, tó padà wá, tó sì kọ́ Ilé Omi sí òpópónà Kakawa. Fùrẹ́jọ̀n tí àwọn ìdílé kan ń sè ní ọjọ́ Ẹtì Rere, láti Bùràsíìlì ló ti bá wọn wá. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó lè re ilé, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ẹni tó ni ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Nígbà tí Liberdade fi dúró ní Bahia, òmìnira gbogbo ẹrú kò tíì pé ọdún kan. Àwọn kan tó wà ní etí omi níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹni tí a kò lè tà ni. Ọkọ̀ kan sì dé tó ní orúkọ òmìnira wọn lára, tí ìdílé aláwọ̀ funfun kan ń gbé inú rẹ̀. Mi ò mú èyí wá láti fi bú àwọn Slocum. Mo mú un wá kí a lè rántí pé ọ̀rọ̀ kan náà lè wúwo fún ẹnìkan ju ẹlòmíràn lọ.

Láti Bahia, wọ́n lọ sí Pernambuco. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n yí èjìká Bùràsíìlì kọjá, wọ́n sì sáré pẹ̀lú afẹ́fẹ́ dé Barbados. Wọ́n kọjá ní Puerto Rico àti àwọn erékùṣù Bahamas, títí wọ́n fi rí Cape Roman ní South Carolina ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 1888. Nínú oṣù mẹ́rin náà, ọjọ́ 55 ni wọ́n lò lójú omi gan-an, ọ̀nà tí wọ́n sì rìn jẹ́ bí máìlì 5,500, ìyẹn nǹkan bí máìlì 100 ní ojúmọ́ kan. Wọ́n gba àwọn odò àti ọ̀sà inú ilẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì dé Washington ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá. Kò sí ẹni tó sọnù nínú wọn.

Ní ọdún 1890, Slocum fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé jáde lórí ìrìn àjò náà. Nígbà tó yá, wọ́n fún un ní ọkọ̀ ògbólógbòó kan tí ó ń jẹ́ Spray. Ó tún un kàn fúnra rẹ̀, ó gbéra ní Boston ní oṣù Kẹrin ọdún 1895, ó sì dá nìkan yí gbogbo ayé ká. Ó padà ní oṣù Kẹfà ọdún 1898 lẹ́yìn máìlì tó lé ní 46,000. Kò sí ẹni tó ti dá irú rẹ̀ ṣe rí ṣáájú rẹ̀. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ ní ọdún 1900 sọ ọ́ di olókìkí. Ní ìgbẹ̀yìn, ó tún wọ inú Spray lọ sójú òkun, ọkọ àti ọkọ̀ kò sì padà wá mọ́. Ní ọdún 1924 ni òfin kéde pé ó ti kú.

Kí ni Hettie ṣe? Lẹ́yìn Liberdade, kò tún bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìrìn àjò ńlá kankan mọ́. Nígbà tí Spray gbéra, orí ilẹ̀ ló wà. Àwọn kan máa ń ka èyí sí ìbẹ̀rù, wọ́n a ní Virginia ni ìyàwó òkun tòótọ́, pé Hettie kò lè fara dà á. Kí ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀, ẹ tún àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta rẹ̀ kà: ìjì, onígbáméjì, ọ̀tẹ̀ òru, ilé gbígbóná, ọkọ̀ tó fọ́, àti máìlì 5,500 nínú ọkọ̀ tí a kò kàn rí, pẹ̀lú ọmọ ọdún 7 kan tí kì í ṣe òun ló bí i. Obìnrin tó bá bẹ̀rù kì í jí ọkọ rẹ̀ lóru ọ̀tẹ̀, kì í sì í rán ìgbòkun tó gbé ìdílé dé ilé. Hettie mọ òkun dáadáa kó tó sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé òmìnira ni ẹnu ọ̀rọ̀. Joshua Slocum gba òmìnira rẹ̀ nígbà tó kọ̀ láti padà bí ẹni tí òkun ti lé wálé. Àwọn ará Bahia gba tiwọn lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mẹ́ta tí wọ́n fi ń sin ẹlòmíràn, àwọn kan nínú wọn sì ti fi ìjà àti owó ara wọn wá a kí òfin tó dé. Hettie ní tirẹ̀, ọjọ́ tó yàn láti dúró sórí ilẹ̀ ló gba tirẹ̀. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti ọkọ nìkan ni ìwé ìtàn sábà máa ń gbé jáde, nítorí pé òun ló kọ ìwé.

Victor náà padà kọ ìwé lórí ìgbésí ayé bàbá rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1950. Hettie kò kọ ìwé kankan lórí Liberdade. A kò ní ohùn rẹ̀ lórí ohun tó rí ní alẹ́ tí àbùùbùtán gbá wọn, tàbí ohun tó ń rò bí ó ti ń fa abẹ́rẹ́ la aṣọ líle náà kọjá nínú ooru Paranaguá. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó wà nínú ìtàn tiwa náà ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá Àgùdà tí wọ́n fà ọmọ lọ́wọ́ sọdá òkun wá sí Èkó, mélòó ni a mọ orúkọ wọn?

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí a bá ka ìtàn akọni kan, ẹ jẹ́ kí a máa béèrè ẹni tó rán ìgbòkun. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, àwọn ìyá àgbà tí wọ́n mọ ìtàn ìdílé ṣì wà láàyè nínú ọ̀pọ̀ ilé wa. Ẹ rán wa sí wọn kí a lọ béèrè, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń sọ̀rọ̀.